Ọ̀tún ni ọkọ̀ ń fà sí, òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Olùkọ́ kan tó ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde, tó sì ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́ lójoojúmọ́, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi:

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Toyota Corolla tòkunbọ̀ ti ọdún 2005 ni mo ń wà. Nígbà tí epo wọ́n, mo gbé e kalẹ̀ sínú ọgbà fún bí oṣù 5, mo ń wọ ọkọ̀ èrò. Láti ìgbà tí mo ti tún gbé e jáde, bí mo bá ti tẹ bíréèkì, ńṣe ló máa ń fà mí lọ sí ọ̀tún, pàápàá bí mo bá sáré díẹ̀. Bí mi ò bá tẹ bíréèkì, ó ń lọ tààrà. Mẹkáníìkì mi ti pààrọ̀ pádì ẹsẹ̀ iwájú lọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù 4. Ó ní ibi tó ń fà sí náà ni àìsàn wà. Síbẹ̀ kò lọ. Ó ti wá ń sọ pé ká ra kálípà ọ̀tún báyìí. Ohun mìíràn tí mo ṣàkíyèsí ni pé rímù iwájú lọ́tùn-ún máa ń dúdú kíákíá. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ló tún ń dúdú. Ti òsì kì í rí bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀rù máa ń bà mí lójú máròsẹ̀."

Àǹtí Tíṣà, ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ẹ ṣeun tí ẹ to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kínníkínní, torí inú ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ gan-an ni ìdáhùn wà. Ẹ má tíì ra kálípà ọ̀tún. Bí mo ṣe ń wò ó, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ara rẹ̀ le jù nínú bíréèkì ọkọ̀ yín. Òsì ló ń ṣàìsàn.

Mo mọ̀ pé ó máa ṣòroó gbà, torí ibi tó bá ń dun èèyàn la máa ń fọwọ́ pa. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí ní apá Àbígí, níbi tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti kan omi, á ti rí bí àwọn tó ń fi àjẹ̀ wakọ̀ ṣe ń dá a dúró. Ẹni tó wà lọ́tùn-ún á ki àjẹ̀ bọ omi, á dì í mú gírígírí. Ẹni tó wà lósì náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá dì í mú dọ́gba, ọkọ̀ á dúró síbi tí imú rẹ̀ kọjú sí. Ṣùgbọ́n bí ẹni òsì bá ń tòògbé, tó jẹ́ ẹni ọ̀tún nìkan ló di omi mú, imú ọkọ̀ á yí sí ọ̀tún. Ta ni ẹ máa bá wí? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni, àbí ẹni tó ń sùn? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ yín nìyẹn. Bíréèkì ọ̀tún ń di táyà tirẹ̀ mú, ti òsì ń tòògbé, ọkọ̀ sì ń yí sí apá ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ.

Nígbà tí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, ẹ ń ti ọ́ìlì inú másítà sílíńdà. Ọ́ìlì á gba inú páìpù irin, á bọ́ sínú họ́òsì rọ́bà, á dé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Agbára kan náà ló ń dé ọ̀tún àti òsì, ọ́ìlì kì í ṣojúsàájú. Ní iwájú, á ti pístọ̀nù tó wà nínú kálípà, pístọ̀nù á ti pádì, pádì méjì á wá fún dísìkì, irin pẹrẹsẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà, mọ́ àárín. Bí nǹkan kan bá dí ọ̀nà, tàbí tí irin kan há lápá kan, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀, torí pẹ́dàlì á ṣì le dáadáa. Apá kejì ló máa ru ẹrù ẹni méjì. Iwájú ló sì ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú bíréèkì, torí bí ọkọ̀ bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ máa ń dà síwájú. Ìdí nìyí tí àìdọ́gba díẹ̀ ní iwájú fi tó láti fa sítíárìn lọ́wọ́ èèyàn.

Ẹ wá wo ẹ̀rí tí ẹ fúnra yín kó kalẹ̀. Pádì ọ̀tún jẹ tán lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù 4. Pádì tó dáa kì í tán bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ tó ń pín iṣẹ́ ṣe pẹ̀lú ìkejì rẹ̀. Rímù ọ̀tún ń dúdú: eruku dúdú yẹn, ara pádì tó ń lọ̀ ni. Rímù tó bá mọ́ ní gbogbo ìgbà, nígbà tí ìkejì rẹ̀ ń dúdú, ń sọ fún yín pé pádì ibẹ̀ kò kan dísìkì tó bó ṣe yẹ. Ẹ tún ní ẹ gbé ọkọ̀ kalẹ̀ fún oṣù 5. Ọkọ̀ tó dúró lójú kan nínú ọ̀rinrin ilẹ̀ wa níbí, ìpẹtà á wọ inú bíréèkì rẹ̀. Àti pé kò fà bí ẹ ò bá tẹ bíréèkì. Ọ̀rọ̀ tí mo di mú jù nínú lẹ́tà yín nìyẹn.

Torí pé àìsàn kan wà tó jẹ́ pé ibi tí ọkọ̀ ń fà sí gan-an ló wà: bíréèkì tó tẹ̀ tán tí kò tú sílẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń fà bí ẹ tẹ bíréèkì, bí ẹ ò tẹ̀ ẹ́. Á máa wúwo láti lọ, á máa mu epo ju tàtijọ́ lọ, ẹsẹ̀ yẹn á máa gbóná, òórùn bíi ti rọ́bà tó ń jó á máa jáde níbẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò kékeré. Ká ní ohun tí ẹ sọ nìyẹn, mo máa dá mẹkáníìkì yín láre pé ọ̀tún ni ká tú. Ẹ ò sọ ọ́. Ẹ ní ó ń lọ tààrà.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ lè fi ojú ara yín wò kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wa ọkọ̀ lọ tó bọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo dísìkì láàárín ihò rímù, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Dísìkì tó ń ṣiṣẹ́ máa ń dán bí abọ́ irin tí wọ́n fi eérú fọ̀. Èyí tí pádì kò kàn dáadáa á ní ìpẹtà pupa, tàbí kó ní ilà tó dán níbì kan, kí ibòmíràn ṣókùnkùn. Bí ti òsì bá rí bẹ́ẹ̀ tí ti ọ̀tún ń dán, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹ tún lè wo ooru. Ẹ wá ọ̀nà tí kò sí èrò, ẹ wa ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ láìsáré, kí ẹ wá dúró. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ rímù iwájú kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fọwọ́ kan dísìkì rárá o, ó lè bó awọ yín. Bí ọ̀tún bá ń tú ooru bí àdògán tí òsì ò ju lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ, òsì kò ṣiṣẹ́. Àwọn oníṣẹ́ mìíràn ní ẹ̀rọ tó ń ka ooru láti òkèèrè, tó jọ èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà Kòrónà. Ti iwájú orí kò lè ka ooru bíréèkì o, ti àwọn oníṣẹ́ ni kí wọ́n lò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi tútù sórí dísìkì gbígbóná kó lè gbọ́ bó ṣe ń hó. Dísìkì lè wọ́ níbẹ̀, bíréèkì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n yín lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Kó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kó fi ìdúró irin tì í lábẹ́ apá méjèèjì, kí táyà iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó ohun tí èèyàn ń ti orí bọ abẹ́ rẹ̀. Mo ti rí jáàkì tó yọ̀ lórí ilẹ̀ tí òjò rọ̀, ó ku díẹ̀ kó pa ọmọṣẹ́. Bí táyà bá ti wà lókè, kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kó tẹ bíréèkì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kì í ṣe tagbáratagbára. Kí mẹkáníìkì fọwọ́ yí táyà ọ̀tún, kó yí ti òsì. Bí ọ̀tún bá dúró gbọn-in tí òsì ṣì ń yí, ẹ ti rí i pẹ̀lú ojú yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹni inú ọkọ̀ yọ ẹsẹ̀, ká wo èyí tó tú sílẹ̀ àti èyí tí kò tú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń na owó oníbàárà dànù ni ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì lè tòògbé nítorí ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n sì jọra lójú ẹni tó wà lójú ọ̀nà.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti dúró pẹ́ ni píìnì kálípà. Orí ọ̀pá irin kéékèèké méjì ni kálípà ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Bí gírísì orí wọn bá gbẹ tí ìpẹtà dé, kálípà ò ní lè sún mọ́. Pístọ̀nù á máa ti pádì inú nìkan, pádì ìta á kàn wà níbẹ̀ bí àlejò. Ẹ̀ ń mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ bá yọ pádì méjèèjì lẹ́sẹ̀ kan: inú á ti jẹ tán, ìta á ṣì nípọn. Bí pádì bá jẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí orí kan tínrín kí orí kejì nípọn, ibi píìnì yẹn náà ni kí ẹ wò. Nígbà mìíràn, píìnì kan ṣoṣo ló há, èkejì ń yọ̀ dáadáa, ọmọṣẹ́ á fọwọ́ mi kálípà, á rí i pé ó mì, á ní kò sí nǹkan. Kó yọ méjèèjì. Kó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ìpẹtà, kó nu inú ihò rẹ̀, kó fi gírísì bíréèkì tòótọ́ pa á, èyí tó jẹ́ ti sílíkónì. Gírísì dúdú tí a ń fi sí ibòmíràn lára ọkọ̀ máa ń mú rọ́bà wú. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, píìnì á tún há ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí píìnì bá dáa, tí pádì òsì méjèèjì nípọn bákan náà, a jẹ́ pé pístọ̀nù fúnra rẹ̀ kò jáde, tàbí pé ọ́ìlì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kó wo rọ́bà tó bo ẹnu pístọ̀nù: bó bá ti ya, omi àti iyanrìn ti wọlé. Kó tú nípùlù tí a fi ń bílíìdì, ìyẹn tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú ọ́ìlì, díẹ̀, kó fi kíláǹpù ti pístọ̀nù padà jẹ́jẹ́. Ó yẹ kó wọlé láìsí ìjà. Bó bá jẹ́ pé àfi kó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ kó tó mira, ó ti há. Bí inú sílíńdà rẹ̀ bá ṣì dán lẹ́yìn tó yọ pístọ̀nù, rọ́bà tuntun lásán lè gbà á là. Bí ìpẹtà bá ti gbẹ́ ihò sí i lára, ẹ ra kálípà òsì. Bẹ́ẹ̀ ni, òsì. Tòkunbọ̀ tó dáa kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń dè é: orí òkè ni nípùlù gbọ́dọ̀ wà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé ti ọ̀tún sí òsì. Ó wọlé, àwọn bóòtì rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n nípùlù wà nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń lọ sókè ni, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè bílíìdì afẹ́fẹ́ tó jókòó sókè láti ẹnu ihò tó wà nísàlẹ̀.

Ohun tó kù ni họ́òsì, òun sì ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ó ti pẹ́ díẹ̀, ọkùnrin kan tó ń kó èrò láti Ìjẹ̀bú-Igbó gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ wá bá mi ní Ṣágámù. Ó ń fà sí ọ̀tún bíi tiyín. Mo pààrọ̀ pádì méjèèjì, mo tú kálípà òsì, mo ra òmíràn, mo bílíìdì títí. Ó ṣì ń fà. Owó ọkùnrin yẹn ni mo ná, ó sì dùn mí títí dòní. Nígbà tí mo wá gé họ́òsì òsì sí méjì, ìta rẹ̀ dára bí ti tuntun, ṣùgbọ́n rọ́bà inú ti wú, ó ti bó, ihò tó kù kò ju imú abẹ́rẹ́ lọ. Ọ́ìlì ń kọjá, àmọ́ ó ń kọjá pẹ̀lú ìnira. Láti ọjọ́ náà, mi ò ra kálípà fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ bi nípùlù léèrè.

Bí a ṣe ń bi í nìyí. Kí ẹnì kan tẹ bíréèkì, kó dì í mú bẹ́ẹ̀. Kí mẹkáníìkì tú nípùlù ọ̀tún díẹ̀, kó wo bí ọ́ìlì ṣe ta jáde, kó dè é. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún òsì. Bí ti ọ̀tún bá ta bí ìgbà tí ọmọdé ń tọ̀, tí ti òsì kàn ń rọra sun jáde, ọ̀nà ọ́ìlì ti dí. Ìdánwò kejì jẹ́ ti ẹsẹ̀ tí kò tú sílẹ̀. Tẹ bíréèkì, yọ ẹsẹ̀, fọwọ́ yí táyà. Bó bá le, tú nípùlù. Bí ọ́ìlì bá ta jáde tí táyà sì tú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, agbára ló há sínú họ́òsì, tí kò rí ọ̀nà padà. Bí o tú nípùlù tí táyà kò tú sílẹ̀, irin ló há, ìyẹn pístọ̀nù tàbí píìnì. Sípánà kékeré kan ni gbogbo rẹ̀ ń gbà.

Họ́òsì tún ní àmì kan lójú ọ̀nà tí ẹ̀yin fúnra yín lè mọ̀. Ọkọ̀ á kọ́kọ́ fà sí ọ̀tún bí ẹ bá tẹ bíréèkì, bí ẹ bá di pẹ́dàlì mú fún ìgbà díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́, torí ọ́ìlì òsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Bí ẹ bá wá yọ ẹsẹ̀, á tún fà díẹ̀ sí òsì, torí ọ́ìlì tó pẹ́ dé náà ló ń pẹ́ padà. Ẹ ṣọ́ ọ. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mẹkáníìkì kó tó ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Họ́òsì méjèèjì lẹ máa pààrọ̀, nítorí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n, èyí tó kù náà ń bọ̀ lọ́nà.

Pádì tí ọ́ìlì tàbí gírísì ti ta sí kò ní dì mọ́ dísìkì dáadáa mọ́. Bí ti òsì bá tutù fún ọ́ìlì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ kó tún gbé e padà. Ó ti wọ inú rẹ̀. Ẹ jù ú nù, kí ẹ wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò.

Ká wá gbà pé gbogbo èyí dáa, ọ́ìlì ń ta dọ́gba, píìnì ń yọ̀, pádì jọra, ó ṣì ń fà. Nígbà yẹn ni ká kúrò nídìí bíréèkì. Lábẹ́ ọkọ̀, apá irin ìsàlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ iwájú mú ní búṣìn rọ́bà. Bó bá ti ya, ẹsẹ̀ yẹn á sún sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, táyà á yí ojú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ yí sítíárìn. Ẹ máa ń gbọ́ ọ: á dún "gbà" lábẹ́ ẹsẹ̀ yín bí ẹ bá tẹ bíréèkì, á tún dún bí ẹ bá tẹ epo, ọkọ̀ á sì yí díẹ̀ sí apá kan, lẹ́yìn náà sí ìkejì. Ìgboro wa níbí, pẹ̀lú àwọn kòtò inú àdúgbò, ń jẹ búṣìn bí ẹni jẹ ẹ̀kọ. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì àti orí ọ̀pá sítíárìn náà wà lára ohun tó yẹ kó fọwọ́ mì.

Táyà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí fọ́káńáísà wọn afẹ́fẹ́ nígbà tí táyà bá tutù, kó bá ohun tó wà lára ìwé tó lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ mu, kí ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n táyà máa ń fa ọkọ̀ nígbà tí ẹ ò tẹ bíréèkì náà, mi ò rò pé tiyín nìyẹn. Dọ́rọ́ọ̀mù ẹ̀yìn náà lè fà á díẹ̀ bí sílíńdà rẹ̀ bá ń jò sórí ṣúù, tó jẹ́ pádì tirẹ̀, ẹ máa rí i pé ọ́ìlì inú àgé òkè, ìyẹn ike tí a ń bu ọ́ìlì bíréèkì sí, ń dín kù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tó jẹ́ táyà iwájú ló ń fà á, másítà pín ọ́ìlì ní ìdábùú: iwájú ọ̀tún pẹ̀lú ẹ̀yìn òsì, iwájú òsì pẹ̀lú ẹ̀yìn ọ̀tún. Bí ìdajì másítà bá kú, ọkọ̀ máa fà, ṣùgbọ́n pẹ́dàlì á lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, iná bíréèkì sì lè tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí pẹ́dàlì bá ń lọ sílẹ̀, ẹ má wa ọkọ̀ yẹn rárá.

Ọ̀nà fúnra rẹ̀ lè tàn yín jẹ. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 la ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ní Nàìjíríà, àwọn tó ń la ọ̀nà sì máa ń jẹ́ kí àárín ga kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì rẹlẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn. Nítorí náà, lójú ọ̀pọ̀ ọ̀nà wa, orí gẹ̀rẹ́ tó dà sí ọ̀tún lẹ wà. Ọkọ̀ tó dá ṣáṣá náà lè rọra tẹ̀ sí ọ̀tún níbẹ̀. Ẹ má dán bíréèkì wò lójú ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́ kí ẹ wá dájọ́. Ẹ wá ilẹ̀ ọ̀dà tó tẹ́jú tó sì fẹ̀, bíi àyè ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwé nígbà ìsinmi.

Bí wọ́n bá ti rí ìdí rẹ̀ tí wọ́n sì tún un ṣe, ẹ ra pádì ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, inú páálí kan náà, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà. Pádì ọ̀tún yín ti jẹ́ tuntun lẹ́ẹ̀mejì, ti òsì sì jẹ́ ti láéláé tí ojú rẹ̀ ti lè máa dán bíi gíláàsì. Bẹ́ẹ̀ náà, bí kálípà òsì bá tiẹ̀ jí, méjèèjì kò ní di nǹkan mú dọ́gba. Kí wọ́n wo dísìkì ọ̀tún pẹ̀lú, ó ti jìyà púpọ̀. Ìyàtọ̀ ooru lè ti wọ́ ọ, bí ẹsẹ̀ yín bá sì ń gbọ̀n lórí pẹ́dàlì, ohun tó fà á nìyẹn.

Ẹ yí ọ́ìlì bíréèkì padà. Ohun tí ideri àgé bá kọ ni kí ẹ rà, DOT 3 tàbí DOT 4, kó jẹ́ agolo tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun gbọ́dọ̀ dé ooru 205 kó tó hó, lórí ìwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n bó bá ti mu omi, 140 ti tó o. Omi yẹn náà ló ń mú pístọ̀nù dípẹtà láti inú. Ọdún méjì méjì dára láti yí i. Ẹni tó bá fẹ́ bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí omi ọṣẹ sí i torí pé ti tòótọ́ wọ́n, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á wú gbogbo rọ́bà láti másítà dé ẹ̀yìn, ohun tí ẹ máa rà lẹ́yìn náà á ju kálípà kan lọ.

Kí wọ́n má sì fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku bíréèkì. Àwọn pádì kan láyé àtijọ́ ní asbestos, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, a kì í sì í mọ èyí tó wà lára ọkọ̀ tòkunbọ̀. Omi ọṣẹ díẹ̀ nínú abọ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ti tó láti fi fọ̀ ọ́ kúrò lára irin. Ibẹ̀ ni omi ọṣẹ ti wúlò.

Títí wọ́n á fi tún un ṣe, ẹ fi ọkọ̀ yẹn sílẹ̀, Àǹtí Tíṣà. Mo mọ máròsẹ̀ Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀ dáadáa, mo mọ bí tírélà ṣe ń lọ lápá ọ̀tún yín. Bí nǹkan bá já lu yín lójijì níbẹ̀ tí ẹ tẹ bíréèkì tagbáratagbára, fífà tó ń ṣe lójú ọ̀nà Odògbolú kò ní jọ ohun tó máa ṣe lójú máròsẹ̀, àgàgà bí òjò bá ti rọ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ èrò fún ọjọ́ mẹ́ta mìíràn. Bó bá di dandan kí ẹ gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ gba inú ìlú, ẹ rọra lọ, ẹ fi àyè gígùn sílẹ̀ níwájú, kí ọwọ́ yín méjèèjì wà lórí sítíárìn.

Bí wọ́n bá ti parí, kí ẹ̀yin àti mẹkáníìkì jọ gbé e jáde. Ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ wà á dé bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ẹ tẹ bíréèkì níwọ̀nba títí yóò fi kù díẹ̀ kó dúró, ẹ jẹ́ kó tún lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìgbà 20, kí ẹ máa fún un láyè láàárín kó lè tutù, torí pádì tuntun ní láti mọ ojú dísìkì kó tó di í mú dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ rọra tú ọwọ́ lára sítíárìn, kí ẹ má gbé e kúrò lórí rẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì tẹ bíréèkì. Bó bá tọ́, ẹ dúró, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí rímù méjèèjì. Kí ooru wọn sún mọ́ra.

Ẹ kó pádì òsì tí wọ́n bá yọ pamọ́ fún mi, ti inú àti ti ìta, kí ẹ kọ èyí tó jẹ́ èwo sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ṣì ń fà lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí mi, ẹ sì sọ bí ọ́ìlì ṣe ta ní nípùlù méjèèjì.